Ṣé Láti Íjíbítì Ni Àwa Yorùbá Ti Wá?



Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, ṣùgbọ́n inú ilé tèmi ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìtìjú ni ó sì fi kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé yóò wúlò fún ilé mìíràn pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán ni, mo gbọ́ ariwo ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí a ń gbé ní Lugbe, lójú ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Àbújá. Kí n tó débẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àti ọmọ onílé wa ti fa aṣọ ya mọ́ ara wọn lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Abọ́ kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nígbà mìíràn. Gbàgyí ni onílé wa, ọ̀kan nínú àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, àwọn tí wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ yìí kí òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 1976 tó sọ ọ́ di ilẹ̀ olú-ìlú. Nígbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi, ìyá mi kò tètè dé láti ilé. Ìyàwó onílé yìí ni ó gbé omi kaná, òun ni ó sì wẹ ọmọ fún mi fún odidi ọjọ́ mẹ́fà.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Ọmọ onílé kò fèsì. Omi ni ó ń dà lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ṣàlàyé. Ó ní ọmọ mi sọ pé àwa Yorùbá ni a kọ́ píráámídì ní Íjíbítì, pé láti Mẹ́kà ni àwọn bàbá wa ti gbéra, pé àwọn ará ibí ní tiwọn kò ní ìtàn kankan, inú igbó ni wọ́n ti hù bí olú.

Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ta ni ó kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ burúkú báyìí?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ píráámídì, inú fóònù ni mo ti rí i. Ti Mẹ́kà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa ní àsàlátù. Bàbá àgbà náà sì sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, èmi ni mo dúró níwájú àwọn ọmọdé ní àsàlátù, tí mo ní kí wọ́n máa gbórí sókè nítorí pé ilẹ̀ mímọ́ ni a ti ṣẹ̀ wá. N kò wádìí rẹ̀ rí. Bí mo ṣe rà á ni mo ṣe tà á. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kà á nínú Súrà Al-Hujurāt pé kí a máa wádìí ìròyìn kí àìmọ̀ wa má baà di jàǹbá fún ẹlòmíràn. Jàǹbá náà nìyí, ó jókòó sórí àpáta ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń sunkún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwé, tí mo sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ léèrè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ibi tí ìtàn náà ti ṣàn wá

Ìtàn pé ìhà ìlà-oòrùn ni a ti wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní ọdún 1812, Muhammad Bello, ọmọ Ṣéhù Usman dan Fodio, ẹni tí ó di Sùtánì Ṣókótó lẹ́yìn náà, kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá tí à ń pè ní Infāq al-Maysūr. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ pé àwọn Yorùbá jẹ́ ìyókù àwọn ọmọ Kénáánì, láti inú ìran Namrūd, tí Yaʿrub ọmọ Qahtān lé kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá.

Lẹ́yìn èyí ni Àlùfáà Samuel Johnson kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí ní ọdún 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òun ni ó ko ìtàn Lámúrúdu ọba Mẹ́kà àti Odùduwà ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àwọn àgbà Ọ̀yọ́ ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé Johnson fúnra rẹ̀ kò gba ti Mẹ́kà gbọ́. Ó ní gbogbo ohun tí ó bá ti ìlà-oòrùn wá ni àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó ti Mẹ́kà wá. Apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni òun ní tirẹ̀ tọ́ka sí. Ní ọdún 1948, Olumide Lucas, tí òun náà jẹ́ àlùfáà ìjọ Krìstì, tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́ láti fi hàn pé ibẹ̀ ni a ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín kí a tó lọ síwájú. Bí a bá ní kí a gba ìtàn Lámúrúdu bí Johnson ṣe kọ ọ́, kí ni ó sọ? Ó ní Odùduwà gbé òrìṣà wọ inú mọ́ṣáláṣí, pé ọ̀dọ́mọkùnrin Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Bùráímà fọ́ àwọn ère náà, pé ogun bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì lé àwọn ọmọ Lámúrúdu kúrò nílùú. Ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Mẹ́kà nítorí ìbọ̀rìṣà ni ìtàn náà pè ní bàbá wa! Kí ni Mùsùlùmí fẹ́ fi yangàn nínú ìyẹn? Ọdún mélòó ni mo fi sọ ìtàn yìí tí n kò ro ó dé ìparí.

A kò sì gbọdọ̀ fi àwọn tí ó sọ ọ́ ṣe ẹlẹ́yà. Ayé tí wọ́n gbé ni ó fà á. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí tí àwọn bàbá wa fi amọ̀ àti idẹ ṣe. Dípò kí ó yin àwọn tí ó ni wọ́n, ó ní àwọn ará Gíríìkì ìgbàanì ni yóò ti wá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń sọ pé aláwọ̀ dúdú kò ní ìtàn, kò yani lẹ́nu pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa na ọwọ́ sí Íjíbítì. Cheikh Anta Diop, ọmọ Senegal, jà fitafita lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1974, òun àti Théophile Obenga, ọmọ Kóńgò, jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé ní Káírò, níbi ìpàdé tí UNESCO pè, wọ́n sì fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ wọn pé ilẹ̀ Áfíríkà ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ Íjíbítì. Ìjà rere ni wọ́n jà. Ṣùgbọ́n pé Íjíbítì jẹ́ ti Áfíríkà kò sọ gbogbo ọmọ Áfíríkà di ará Íjíbítì.

Ohun tí ìwádìí ń fi hàn ní Íjíbítì

Ọmọ mi sọ pé àwa ni a kọ́ píráámídì. Ọmọ ilé kejì sọ fún mi pé àlùjànnú ni; àwọn mìíràn nínú fóònù sì ní àwọn ẹ̀dá láti inú ìràwọ̀ ni. Àwọn tí ó kọ́ ọ ti dáhùn fúnra wọn.

Ní ọdún 2013, Pierre Tallet, awalẹ̀pìtàn ará Faransé, àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ rí àwọn ìwé kan ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa. Papyrus ni wọ́n, ìwé tí wọ́n fi koríko etí odò ṣe, kò sì sí papyrus tí a kọ nǹkan sí tí a tíì rí tí ó pẹ́ jù wọ́n lọ. Lára wọn ni ìwé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Merer wà. Ọ̀gá ni ó jẹ́ lórí nǹkan bí ogójì òṣìṣẹ́. Ó ń kọ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta funfun láti Tura lọ sí Giza, fún píráámídì Ọba Khufu, ní nǹkan bí 4,600 ọdún sẹ́yìn. Bí ọ̀gá kọ́lékọ́lé ní Lugbe ṣe ń kọ iye báàgì sìmẹ́ńtì tí ó wọlé ní òwúrọ̀ ni Merer ṣe ń kọ tirẹ̀.

Ní Giza fúnra rẹ̀, Mark Lehner àti Zahi Hawass ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ilẹ̀ ìlú tí àwọn òṣìṣẹ́ náà gbé. Wọ́n rí ilé búrẹ́dì, wọ́n rí egungun màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ tí wọ́n jẹ. Ní ọdún 1990, wọ́n rí itẹ́ òkú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì rí eegun tí ó ti dá rí tí ó sì ti jinná. Ẹni tí a tọ́jú ni eegun rẹ̀ ń jinná. Ní ọdún 2024, Eman Ghoneim àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán sátẹ́láìtì àti erùpẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láti inú ilẹ̀ ṣàfihàn ẹ̀ka Odò Náílì kan tí ó ti gbẹ, tí ó gùn tó kìlómítà 64, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ píráámídì 31 kọjá. Ibi tí aṣálẹ̀ wà lónìí ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí nígbà náà. Àwọn mìíràn ń lo ìtànṣán tí ó ń ti òfurufú rọ̀ sórí ilẹ̀ láti wo inú òkúta láìfọ́ ọ: ní ọdún 2017, wọ́n rí àyè òfìfo ńlá kan tí ó gùn tó mítà 30 ó kéré tán nínú píráámídì Khufu, ní ọdún 2023, wọ́n fìdí ọ̀nà tóóró kan tí ó gùn ní mítà 9 múlẹ̀.

Ẹ fi èyí wé fídíò tí ọmọ mi wò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn kan ní Ítálì kéde pé àwọn rí òpó ńláńlá lábẹ́ píráámídì Khafre, tí ó wọ ilẹ̀ ju 600 mítà lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, fídíò náà ti dé Lugbe. Wọ́n kéde rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ wọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Zahi Hawass àti àwọn onímọ̀ mìíràn sì tako ó, wọ́n ní irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò kò lè ríran wọ inú òkúta jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ìkéde yẹn tàn kálẹ̀; ìtakò rẹ̀ kò dé inú fóònù ọmọ mi.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ àti ìran, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń ka DNA láti inú eyín àti eegun àwọn òkú ìgbàanì. Ní ọdún 2017, wọ́n tẹ àbájáde ti àwọn òkú Abusir el-Meleq jáde. Ní ọdún 2025, wọ́n tẹ ti ọkùnrin kan jáde tí a sin sínú ìkòkò ní Nuwayrat, tí ó gbé ayé láàárín ọdún 2855 sí 2570 ṣáájú ìbí Ànábì Ísà. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìran ọkùnrin yìí jẹ́ ti àwọn ará àríwá Áfíríkà ìgbàanì, ìdá kan yòókù sì bá ti ìhà Mesopotámíà mu, níbi tí Ìráàkì wà lónìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni, ìlú kan kò sì lè dúró fún gbogbo Íjíbítì. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú àbájáde méjèèjì tí ó tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀.

Bí ọmọ yín bá sì béèrè pé, "Ṣé aláwọ̀ dúdú jọba ní Íjíbítì rí?", ẹ dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọba Kúṣì, láti ilẹ̀ tí à ń pè ní Sudan lónìí, jọba lórí Íjíbítì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Piye àti Taharqa wà lára wọn. Ní ọdún 2003, Charles Bonnet hú ère méje ti àwọn ọba wọ̀nyí jáde lẹ́bàá Kerma. Àwọn ará Sudan ni wọ́n ni ògo yẹn. Ẹ jẹ́ kí a kí wọn kú oríire.

Ohun tí ahọ́n wa ń wí

Èdè wa ni ó yà mí lẹ́nu jù. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè máa ń to àwọn èdè sí ẹbí ẹbí. Èdè Íjíbítì àtijọ́ wà nínú ẹbí kan pẹ̀lú Lárúbáwá, Hébérù, Amharic ti Ethiopia, àti—ẹ fetí sílẹ̀—Hausa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "kú". Hausa ní mutu. Lárúbáwá ní māta. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kọ m-w-t. Yorùbá ní kú. Bí ó bá jẹ́ pé èdè ni a ó fi pín ogún Íjíbítì, Màlámù tí ń ta ìrẹsì ní ìkángun àdúgbò wa ni kí a kó o fún, kò sì fi í yangàn sí ẹnikẹ́ni rí.

Níbo wá ni ẹbí tiwa wà? Ẹni tí ó sún mọ́ wa jù ni Igala àti Itsekiri. Igala ń pe ọmọ ní ọma, ó ń pe omi ní omi. Bí a bá gòkè díẹ̀ nínú ìdílé náà, inú ẹbí ńlá Benue-Congo, a ó bá Ẹ̀dó, Ígbò, Núpé, àti Gbàgyí níbẹ̀. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èdè tí onílé wa ń sọ jẹ́ ìbátan èdè wa. Ẹni tí ọmọ mi pè ní ẹni tí kò ní ìtàn, agbo ilé kan ni èdè wa àti tirẹ̀ ti jáde.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ni a ó wí nípa àdúrà, àlàáfíà, wákàtí, àlùbọ́sà? Ṣé ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kọ́ ni?" Lárúbáwá ni. Àwọn oníṣòwò àti àwọn àfáà ni wọ́n gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ tí a yá ń sọ ẹni tí a bá ṣòwò àti ẹni tí ó kọ́ wa ní kéwú. Kò sọ ẹni tí ó bí wa. Ibi tí Lucas ti ṣìnà náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ méjì lè jọ ara wọn bí àlejò méjì ṣe lè wọ irú aṣọ kan náà.

Ohun tí ilẹ̀ wa ń wí

Ní ọdún 1965, Thurstan Shaw àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wa ilẹ̀ abẹ́ àpáta kan ní Ìwó Elérú, lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n rí egungun ènìyàn tí a sin síbẹ̀. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 fi ọjọ́ orí rẹ̀ sáàárín 11,700 sí 16,300 ọdún. Kí a tó fi òkúta kan lé òmíràn ní Giza, ènìyàn ti ń gbé inú igbó wa láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan. Egungun kì í sọ èdè, nítorí náà a kò ní sọ pé Yorùbá ni ẹni náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kò ṣófo rí tí ó ń dúró de ẹni tí yóò ti Íjíbítì wá.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá kan, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, wa ilẹ̀ Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí náà. Ní ọdún 2017, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn ará Ifẹ̀ ń fi èròjà ilẹ̀ wọn yọ́ dígí fúnra wọn, bí wọ́n sì ṣe ń po èròjà náà yàtọ̀ sí ti Íjíbítì, ti Yúróòpù àti ti Éṣíà. Ìlẹ̀kẹ̀ wọn dé Gao ní ilẹ̀ Màlì. Bí ó bá jẹ́ ará Íjíbítì ni ó kọ́ wọn, dígí náà ìbá jọ ti Íjíbítì. Frobenius kò rí ìkòkò ìyọ́dígí wọ̀nyí bí ó ti yẹ kí ó rí i. Ọmọ wa ni ó wá kà á bí ó ti yẹ.

Kí ni a ó wí nípa agbègbè Àbújá tí a ń gbé? Ní gúúsù ìlà-oòrùn ìlú yìí ni Taruga wà. Ní àwọn ọdún 1960, Bernard Fagg hú ìléru ìyọ́rin mẹ́tàlá jáde níbẹ̀, pẹ̀lú ère amọ̀ irú ti Nok. Ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ṣáájú ìbí Ànábì Ísà ni àwọn ènìyàn ti ń yọ́ irin níbẹ̀. Ilẹ̀ tí ọmọ mi ní kò ní ìtàn nìyẹn.

Nípa Fir'áónà àti ìgbàgbọ́ wa

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò béèrè pé, "Kí ni ti Fir'áónà Ànábì Mùsá? Ṣé òkú rẹ̀ kọ́ ni ó wà ní Káírò?" Súrà Yūnus sọ̀rọ̀ nípa òkú Fir'áónà pé yóò jẹ́ àmì fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Àlùkùránì kò dárúkọ ọba náà. Maurice Bucaille, dókítà ará Faransé, sọ nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1976 pé Merneptah ni. Àwọn mìíràn ní Ramses Kejì ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbé òkú ọba àti olorì méjìlélógún gba ìgboro Káírò lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé titun. Sahar Saleem, obìnrin onímọ̀ àwòrán inú ara ní Yunifásítì Káírò, ti fi ẹ̀rọ wo ọ̀pọ̀ nínú wọn láìtú aṣọ ara wọn. Ẹ̀rọ náà fi hàn ní ọdún 2012 pé wọ́n dúńbú Ramses Kẹta ni. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ gbọ́ o: iṣẹ́ tí obìnrin lè ṣe nìyí.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má fi ìgbàgbọ́ wa kọ́ sórí òkú kan tí onímọ̀ lè yí orúkọ rẹ̀ padà lọ́la. Ẹ̀kọ́ Fir'áónà jẹ́ ti ìgbéraga, ti ọba tí ó pín àwọn ènìyàn ìlú rẹ̀ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, tí ó sì sọ apá kan di ẹni ilẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ọmọ mi láti wo ọmọ onílé bí ẹni ilẹ̀, ẹ̀kọ́ náà ti bá mi wí.

Ẹ má sì ṣe rò pé òyìnbó nìkan ni ó ni ìwádìí. Abd al-Latīf al-Baghdādī, dókítà Mùsùlùmí, wà ní Íjíbítì nígbà ìyàn ńlá ọdún 1200 sí 1202. Ó kọ̀wé nípa àwọn píráámídì, ó sì bá àwọn tí ń wó ohun àtijọ́ wí. Nígbà tí ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ egungun òkú, ó wò ju 2,000 orí lọ, ó sì rí i pé eegun kan ṣoṣo ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ Galen, ọ̀gá gbogbo dókítà ìgbàanì, ti kọ ọ́ pé méjì ni. Ó bọ̀wọ̀ fún Galen, ṣùgbọ́n ó gba ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2005, Okasha El Daly, ọ̀mọ̀wé ọmọ Íjíbítì, tẹ odidi ìwé jáde lórí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n wádìí Íjíbítì àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí àwọn ará Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn bàbá wa nínú ẹ̀sìn ni ìwádìí.

Ohun tí a ṣe nínú ilé

Ní alẹ́ ọjọ́ ìjà náà, lẹ́yìn Mọ́gàríbì, ọkọ mi, èmi àti ọmọ náà lọ bá onílé. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. Èmi náà kúnlẹ̀, mo sọ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Bàbá onílé dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá tirẹ̀ sọ fún un pé láti Borno ni àwọn Gbàgyí ti wá, pé òun náà ti fi í yangàn sí àwọn kan rí. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá fún wa. Ó ní ọmọ tí òun wẹ̀ kò lè di ọ̀tá òun.

Bàbá ọkọ mi ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọmọ kì í wí fún àgbà pé irọ́ ni ó pa. Nítorí náà a kò ní kí ọmọ náà bá a jiyàn. Ọkọ mi ni ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn àfáà òun ṣe sọ ọ́ fún òun. Nígbà tí ó ṣe, ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó so wá mọ́ Mẹ́kà. Ìrun ni. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ mi." Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ àsàlátù náà, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí ohun tí mo kọ́kọ́ sọ jì mí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá gbé ìtàn ìran wá sílé, ẹ bi í léèrè nǹkan mẹ́ta: Ta ni ó sọ ọ́? Kí ni ó fi rí i? Ta ni ìtàn náà fẹ́ kí o fojú tín-ín-rín? Ìbéèrè kẹta yẹn ni n kò bi ara mi ní tèmi.

Nígbà tí a ń lọ sílé fún Iléyá tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ wa gba Gwagwalada àti Abaji, a gun afárá Odò Ọya, a sì wọ Lọ́kọ́ja. Àgbègbè ibi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé yìí ni Akínwùmí Ògúndìran, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2020, ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ èdè tí ó bí Yorùbá. Gbogbo ọdún ni a ń gba ibẹ̀ kọjá, oorun ni a máa ń sùn. Ní ọjọ́ náà, ọmọ mi jí. Ó wo omi méjèèjì bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ibí ni?" Mo ní agbègbè ibí ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ó yà á ní àwòrán, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ọmọ onílé.

Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní kẹ́ wa, kí Ó sì mú ìgbéraga kúrò lọ́kàn wa àti lọ́kàn àwọn ọmọ wa. Àmín. Ó tún di ìgbà mìíràn. Wassalāmu alaykum.